Ojú Wú, Kì Í Ṣe Apólò

Ìyẹ̀fun, omi àti yíìsì ti wà nínú ọpọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ìyá oníbúrẹ́dì kò lè pò ó. Ojú rẹ̀ ọ̀tún wú, ìpéǹpéjú pọ́n kanrin.

Ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ àdúgbò, gbé àga fún un. "Apólò ni. Oògùn ojú tí mo lò lọ́jọ́sí ṣì kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Apólò kì í ṣe báyìí. Bí mo bá yí ẹyinjú, ṣe ló ń ro mí wọnú lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin gan-an, méjì ni mò ń rí."

"Ẹyọ kan tó o fẹ́, ṣé kò tíì yọ ọ́ lẹ́nu tó ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó ti pẹ́ tí lúpọ́ọ̀sì ti ń bá a fínra, àìsàn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara fi máa ń pa ọ̀tá tì, tí wọ́n á máa bá onílé jà. Oríkèé ríro ló mọ̀ mọ́ ọn. Ti ojú kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Ẹ fi oògùn yẹn sílẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

Ọkọ ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lọ.

Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà jókòó tì wọ́n.

"Mà, kì í ṣe kòkòrò ló fà á. Lúpọ́ọ̀sì yín ló mú kí ẹran inú kòtò ojú wú, tó wá ń ti ẹyinjú síta. Kò wọ́pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n tá a bá fi falẹ̀, ó lè ba ìríran jẹ́."

"Tá a bá ti kán oògùn tèmi sí i ńkọ́?" ọkọ béèrè.

"Kò ní dé ibi tó wú, sà. Ẹ kàn máa fi àkókò ṣòfò ni."

Wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú wíwú wálẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọkọ ń wá jókòó tì í, tó ń rò fún un bí àwọn oníbàárà ṣe ń béèrè rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ojú wálẹ̀, ìrora lọ. Ó ti padà sídìí ààrò báyìí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì ń lọ rí dókítà déédéé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní lúpọ́ọ̀sì, bí ojú yín bá wú tàbí tó yọ síta, bó bá ń dùn yín tẹ́ ẹ bá yí i, bẹ́ ẹ bá ń rí nǹkan kan ní méjì tàbí tí ìríran ń ṣú, ẹ má lo oògùn àlòkù ẹlòmíì. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ ní lúpọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe dá oògùn yín dúró fúnra yín, kódà bí ara bá yá. Ìgbà tí ojú ṣì ń ríran ni ká tọ́jú rẹ̀.