Ariwo Ẹ̀rọ Tí Sísítà Boatemaa Ní Ká Pa

Ní yàrá iṣẹ́ abẹ wa nítòsí Kumasi, a kì í fi ọ̀bẹ kan aláìsàn láìkọ orin. Sísítà Boatemaa ló máa ń dá a, àwa nọ́ọ̀sì yòókù á gbè é. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé aláìsàn tó ń gbọ̀n á sinmi ìbẹ̀rù.

Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń fa èéfín ọ̀bẹ iná mu, ìyẹn ọ̀bẹ mànàmáná tó ń jó ara bó ṣe ń gé e, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀. Sísítà ní ó ń bo orin òun mọ́lẹ̀, dókítà wa sì ní ká pa á. Bí ẹ̀rọ olówó ńlá ṣe di ohun tí à ń ká aṣọ lé nìyẹn. Bí èéfín bá wá ń rú, tó ń ta sánsán bí ẹran orí ààrò, a ó máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé kyinkyinga, súyà ìlú wa, ti jinná, ta ló fẹ́ rà? A ó máa rẹ́rìn-ín, a ó sì máa fà á símú.

Wọ́nwọ́n, èso kéékèèké tó ń hù lójú ara, la sábà máa ń fi ọ̀bẹ iná yẹn jó kúrò. Sísítà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú iṣẹ́ náà pẹ̀lú dókítà wa.

Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ há. A ní ọyẹ́ ni. Ó lo atalẹ̀ àti oyin títí, kò là. Lọ́jọ́ tó dá orin tí ohùn kò jáde rárá, mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ Dókítà Lamiley tó ń tọ́jú ọ̀fun.

Dókítà bi wá bí iṣẹ́ wa ṣe rí, a sì sọ ti èéfín àti àwàdà kyinkyinga fún un. Ó tanná wo ọ̀fun Sísítà, ó wò ó pẹ́.

"Àǹtí, wọ́nwọ́n ló hù sí yín lọ́fun."

"Ẹ rọra sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Irú èyí tí à ń jó lára àwọn èèyàn? Èmi tí mò ń dárin ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Irú rẹ̀ náà ni. Mi ò lè búra ibi tó gbà wọlé, àmọ́ iṣẹ́ yín ni mò ń fura sí. Kyinkyinga tí ẹ ń pè é yẹn, ara aláìsàn ló jó di èéfín. Kòkòrò àrùn lè bá a rìn, ìbòmú lásán ò sì lè dá a dúró. Ṣé ẹ ò ní ẹ̀rọ tó ń fà á ni?"

Sísítà ló fèsì.

"A ní in. Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n lè gbọ́ orin mi."

Ẹnu ya dókítà. Ó bi wá ibi tí à ń da ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn tí a fà sínú ìgò lẹ́nu iṣẹ́ abẹ sí. Mo ní básíà tí a ti ń fọwọ́ ni. Ó káwọ́ lérí.

"Tó bá ta sí yín lójú ńkọ́?"

Ó ti ta sí mi lójú rí, aṣọ ni mo fi nù ún.

Wọ́n gé wọ́nwọ́n náà, ṣùgbọ́n ohùn Sísítà kò padà bọ̀ sípò, wọ́n sì ní ó lè tún hù.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ tan ẹ̀rọ náà kí ọ̀bẹ iná tó kan ara, kí ẹ gbé ẹnu rọ́bà rẹ̀ sún mọ́ ibi tí èéfín ti ń rú. Ìbòmú tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa ni kí ẹ lò. Ní ti ìgò omi ara, ẹ fi ìyẹ̀fun tó ń mú un dì sínú rẹ̀, ẹ dé e pa, kí wọ́n lọ sun ún. Ẹ má dà á sí básíà ìfọwọ́ láé. Bó bá ta sójú, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì lọ sọ fún ọ̀gá yín lọ́gán.

Bí ariwo ẹ̀rọ bá ń bo orin yín, ẹ gbé orin sókè. Sísítà Boatemaa kò lè gbé tiẹ̀ sókè mọ́.