Ohun Tí Mo Jí fún Rédíò Àǹtí Mi

"Ta ló máa kọ́ ọ?" ni bàbá mi bi àǹtí mi lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ sì ti wà lára mi kó tó parí ọ̀rọ̀.

"Ọmọ rẹ ni," ni àǹtí mi dáhùn. "Èmi ò mọ ẹlòmíì."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó ní ọmọ tó ń gbàgbé omi lórí iná ni wọ́n fẹ́ gbé ìkànnì ayélujára odindi iléeṣẹ́ rédíò lé lọ́wọ́, ó ní kí àǹtí mi lọ wá ẹni tó fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹun. Àǹtí mi, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó kàn ju kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀m̀pútà sí mi. Mo hán an, mo sì búra nínú ọkàn mi pé ìkànnì yẹn á dúró, bàbá mi á sì fi ẹnu ara rẹ̀ yìn mí.

Yàrá méjì péré ni rédíò náà, tí àǹtí mi ti dá sílẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Páálí ẹyin ni wọ́n fi bo ògiri sítúdíò kí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ má baà wọ inú orin. Orin ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n òpó wọn kúrú, agbára rẹ̀ ò sì kọjá òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹni tó bá ti ṣí kúrò ládùúgbò, ó dìgbóṣe nìyẹn. Ìdí rèé tí àǹtí mi fi fẹ́ kí rédíò bọ́ sórí ayélujára. Ó sì ti kéde pé láago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé kan báyìí, ibi yòówù kí olùgbọ́ wà, á máa gbọ́ wa.

Sọ́fútíwia tí mo fi kọ́ ìkànnì náà, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ ń kọ ọ́. Ẹni tó bá wù ú lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì fi àtúnṣe tirẹ̀ sílẹ̀ fẹ́lòmíì. Ó dà bí ilé tí wọ́n ti mọ ògiri rẹ̀ sílẹ̀, tó wá kù kéèyàn máa fi àfikún sí i, bí ìgbà téèyàn ń fi ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílé. Mo fi èyí tó ń ṣàfihàn àtòjọ ètò sí i, mo fi èyí táwọn olùgbọ́ lè fi béèrè orin sí i. Ó wá ku èyí tó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn èyí tó máa gbé ohùn rédíò jáde. Àfikún ọ̀fẹ́ wà fún un, àmọ́ ìwé ìlànà rẹ̀ gùn bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́. Mo kà á dé ojú ewé kẹta, oorun gbé mi lọ. Kí n má purọ́, àfikún náà ò tún lẹ́wà tó bí mo ṣe fẹ́.

Ọmọ kíláàsì mi kan wà tá à ń pè ní Mo-mọ̀-ọ́n, torí kò sí ohun téèyàn máa sọ tí kò ní ní òun mọ̀ ọ́n. Ó fi àfikún mìíràn hàn mí. Títà ni àwọn tó ṣe é ń tà á. Ó ń dán gbinrin, bí orin bá sì ti ń lọ ló ń gbé àwòrán olórin jáde. Ẹnì kan ti já àgádágodo tó ń dènà ẹni tí ò sanwó, ó sì ń pín in kiri lọ́fẹ̀ẹ́.

"Gbé e síbẹ̀ jàre," ni Mo-mọ̀-ọ́n wí. "Ta ló máa mọ̀?"

Mo mọ̀ pé olè ni. Ọkàn mi tiẹ̀ sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀rín bàbá mi, mo sì gbé e síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà. Nígbà tí àǹtí mi rí i, ó pàtẹ́wọ́, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ wá wò ó. Bàbá mi náà bojú wò ó, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Lẹ́nu bàbá mi, oríyìn ńlá nìyẹn.

Láago mẹ́wàá Sátidé náà, ohùn rédíò wa jáde lórí ayélujára. Àwọn tó ti ṣí lọ sílùú òkèèrè ń kọ̀wé ránṣẹ́, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí fóònù sítúdíò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan ní òun tẹ bọ́tìnì láti gbọ́ orin, tẹ́tẹ́ ló ṣí sójú fóònù òun. Òmíì ní àwòrán tí kò ṣeé wò níwájú ọmọ lòun ń rí. Tíṣà Àgbà pè, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í gbọ́ rédíò mìíràn yàtọ̀ sí tiwa. Ó ní ńṣe lòun kó àwọn ọmọ-ọmọ òun jọ láti gbọ́ ọ. "Ṣé rédíò yín ti di ilé tẹ́tẹ́ ni?" ló bi àǹtí mi, ó sì pa fóònù. Kó tó di aago mọ́kànlá, ojú ewé pupa kan ti bo ìkànnì náà, ó ń kìlọ̀ fáyé pé ewu wà níbẹ̀.

Mo ṣí inú àfikún náà wò, ohun tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó já àgádágodo rẹ̀ ti fi kòkòrò kọ̀m̀pútà pamọ́ síbẹ̀, kòkòrò náà sì ti ràn dé ibi gbogbo. Mo pe Mo-mọ̀-ọ́n. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kí n sọ pé àwọn jàgùdà orí ayélujára ló kọlù wá. Ó ní kò sẹ́ni tí wọn kì í kọlù.

N kò tíì la ẹnu tí àǹtí mi fúnra rẹ̀ fi ro ohun kan náà. Ó kọ ọ́ sórí pépà pé àwọn ọ̀tá ti kọlu ìkànnì wa, ó sì fẹ́ kà á sáfẹ́fẹ́ láago méjìlá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò, mò ń wò ó bó ṣe ń fa máìkì súnmọ́ ẹnu. Tí mo bá dákẹ́, mo bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àǹtí mi, tí kò purọ́ sáfẹ́fẹ́ rí, irọ́ tèmi ló fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pa láìmọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo sì wọlé.

"Àǹtí, ẹ má kà á. Kò sẹ́ni tó kọlù wá. Èmi ni mo jí ohun tí mo fi sí i."

Ó wò mí. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó fa pépà náà ya, ó dìde lórí àga, ó sì nawọ́ sí àga náà.

"Ohun tá a bá bà jẹ́ lójú olùgbọ́, etí olùgbọ́ la ti ń tún un ṣe," ló wí. "Òfin ibí nìyẹn, kò yọ èmi náà sílẹ̀. Jókòó."

"Èmi, Àǹtí?"

"Ta ló jí i?"

Mo jókòó. Mo fa máìkì súnmọ́ra. Mo sọ fún gbogbo ìlú pé èmi ni mo kọ́ ìkànnì náà, mo sì sọ ohun tí mo ṣe, n kò fi ọ̀kan pamọ́. "Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi ní gbogbo ohun tí mo nílò," ni mo wí. "Mo fi í sílẹ̀, mo lọ jí èyí tó ń dán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí rédíò, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí." Bàbá mi wà nílé, ó gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀.

Tíṣà Àgbà ló kọ́kọ́ pè. Kò bú mi. Ó ní òun ò ní tẹ bọ́tìnì yẹn mọ́, àfi lọ́jọ́ tí èmi fúnra mi bá pe òun pé ó ti mọ́.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ló ń tún un ṣe, ó sì gba fóònù mi títí iṣẹ́ náà fi máa parí.

Mo pa gbogbo ìkànnì náà rẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, bí mo bá ti iléèwé dé lọ́sàn-án, ìdí kọ̀m̀pútà ni, mò ń tò ó láti ìpìlẹ̀. Mo ka ìwé ìlànà yẹn tán, mo tún un kà. Níbi tó bá ti ta kókó, mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lo sọ́fútíwia náà, níbi tí wọ́n ti máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ayélujára. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí fi sùúrù ṣàlàyé fún mi, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ìlà àṣẹ kọ̀m̀pútà kan tí mo fúnra mi kọ kí orúkọ orin lè máa hàn, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kejìlá, ó gbà. Mo pariwo débi pé aránṣọ gòkè wá wo ohun tó ń pa mí. Mo fi ìlà náà síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i lò. Mo-mọ̀-ọ́n bi mí pé kí ló dé tí n kò tà á, mo ní èyí tí àwọn ẹlòmíì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ò lóǹkà.

Sátidé tá a tún un ṣí, àwọn olùgbọ́ tó wọlé síbẹ̀ ò ju mẹ́tàdínlógún lọ. Ó dùn mí wọra. Mo fi fóònù sítúdíò pe Tíṣà Àgbà.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ó ti mọ́, sà."

"Ṣé ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ?"

"Gbogbo ohun tí mo fi sí i ni mo yẹ̀ wò, sà."

Mo gbọ́ tó ní kí ẹnì kan bá òun mú awò ojú òun wá. Lẹ́yìn náà, láti inú fóònù, mo gbọ́ orin tó ń lọ lọ́wọ́ ní sítúdíò wa, ó ń tẹ̀ lé tiwa lẹ́yìn díẹ̀ bí ti orí ayélujára ṣe máa ń ṣe, àti ohùn àwọn ọmọdé tí wọ́n ń bá a kọ ọ́. Omi bọ́ lójú mi. Àǹtí mi ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, ìdí la ti ń gùn ún. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi ba ohun tí àǹtí mi fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ jẹ́, ẹnu tí mo fi jẹ́wọ́ nìkan ni mo sì rí fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀. Iṣẹ́ téèyàn bá jí, ẹ̀rù rẹ̀ ni yóò máa bà á. Èyí tó bá fi òótọ́ ṣe ló lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.