Ohùn Ìyá Nábla

"Odindi ọkọ̀ ojú omi, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ìbò méjì, nítorí ìwọ̀nba arúgbó tó kù ní erékùṣù yìí!" Sorcha ń wo àpótí ìbò tí wọ́n ń gbé gun èbúté Inis Fraochán, ó ń mi orí. "Nọ́ọ̀sì wa kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Wọ́n ní kò sówó."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Agbẹjọ́rò, tọ́jú ìyẹn de àríyànjiyàn ilé ìwé yín lọ́la. Gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, kí o lọ gbé Ìyá Nábla wá dìbò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè gbé e débí. Òkun ò fararọ. Wọ́n á tètè palẹ̀ mọ́."

Ìjọba Ireland ló ń bi gbogbo ìlú léèrè bóyá kí wọ́n tún ìlà kan ṣe nínú òfin ilẹ̀ wọn: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Sorcha ò tíì dàgbà tó ẹni tí í dìbò.

Kò tíì rìn jìnnà tí Donnchadh ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dá a dúró, ìwọ̀ ẹja lọ́wọ́.

"Ẹja ti ya dé ẹ̀yìn àpáta! Bọ́ọ́lẹ̀ jàre."

"Ìyá Nábla ń retí mi."

"Nítorí ìbò? Ṣebí ìwọ lo ní wọ́n ń da owó ìlú sókun? Àbí ẹnu lásán ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó bá a lọ pẹja. Ó mọ̀ pé àkókò ń lọ, ṣùgbọ́n ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ìbò ẹyọ kan, kí ló fẹ́ bàjẹ́? Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ọkọ̀ elétò ìbò ti ń fò lórí ìgbì lọ.

Ó bá Ìyá Nábla lẹ́nu ọ̀nà, nínú kóòtù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá lórí itan.

"Ẹ má bínú, màmá. Mo rò pé... owó ìlú ni wọ́n ń fi ṣòfò."

Ìyá arúgbó náà ò pariwo. "Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n la òkun kọjá wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀, Sorcha. Ta ló tún ń bi mí ní nǹkan kan? Àwọn ọmọ mi ò bi mí kí wọ́n tó kó lọ sí Boston." Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. "Owó ọkọ̀ wọn ò dín kù nítorí pé o ò wá gbé mi. Ohùn mi nìkan ló dín."

Ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, kò rán Sorcha níṣẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Sorcha dìde níwájú kíláàsì.

"Owó ìbò pọ̀. Mi ò yí ohùn padà. Bí wọ́n bá lè dín in kù, kí wọ́n dín in." "Ṣùgbọ́n lánàá, èmi dín in kù lára ẹlòmíràn, láìbi í. Ìyẹn kì í ṣe ìṣọ́wóná. Olè ni."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Donnchadh ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owó ìlú bá ń ṣòfò, ẹ sọ ọ́ síta, kí wọ́n gbọ́. Àmọ́ ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". A kì í bá ẹlòmíràn kọ oúnjẹ tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀.