Igi Tíṣà Létí Òkun

Ọkùnrin kan dúró nínú ẹrẹ̀ létí òkun, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ apá, ó ń gbin igi. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀. Ẹ gbà mí! Ta ní ń wọ funfun wọnú ẹrẹ̀?

Ọmọbìnrin káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó wo ọkùnrin náà títí, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á. Ó sọ àwọ̀n sílẹ̀, ó lọ bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń gbìn?"

"Igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi ni. Tó bá dàgbà, ìjì ò ní lè gbé ilẹ̀ yìí lọ mọ́."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ lẹ rì mọ́lẹ̀ yẹn. Ibi tó ṣe ṣóńṣó ló ń wọlẹ̀. Inú àwọ̀n ni mo ti máa ń yọ wọ́n, wọ́n sì ń hù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa."

Ọkùnrin náà wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo igba igi tó ti gbìn láti àárọ̀. "Yéè! Mo gbé!"

Tíṣà tuntun ni, inú ìwé ló ti ka ọ̀rọ̀ igi. Àwọn méjèèjì jọ hú igba igi náà, wọ́n tún wọn gbìn. Kí omi tó kún padà, ọmọbìnrin náà ti mọ̀ pé ọ̀ràn ìfẹ́ ti dé bá òun.

Láti ọjọ́ yẹn, bí omi bá ti fà, wọ́n á jọ wọ ẹrẹ̀.

"Tíṣà, ibo lorí wà lónìí?"

"Olùkọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Nígbà tó pé ọdún méjì, Tíṣà wá bá káfíńtà láti tọrọ ọmọ rẹ̀. Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n òkun ti gbé ilé méjì lọ mọ́ mi lọ́wọ́, ìyá ọmọ yìí sì wà nínú ìkejì. Orí òkè lọ́hùn-ún lọmọ mi máa lọ́kọ sí. Ṣé igi tí kò ju ọ̀pá lọ yẹn lo fẹ́ fi dáàbò bò ó?"

"Ẹ jẹ́ kí ìjì ńlá kan kọjá ná, sà. Bí ilẹ̀ yìí bá lọ, èmi fúnra mi ni màá ru ẹrù rẹ̀ dé orí òkè."

"Mo ti gbọ́. Ó di ẹ̀yìn ìjì," ni káfíńtà wí.

Ọmọbìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Síbẹ̀, nígbà tí omi fà, ó gbé apẹ̀rẹ̀.

Ọdún kẹta lẹ́yìn èyí, ìjì náà dé lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ìlú sá lọ sí ilé ìwé tó wà níbi gíga, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Òkun dìde bí ògiri. Ó já lu igi wọ̀nyẹn, wọ́n tẹ̀, wọ́n tẹ̀ títí orí wọn fi kan omi. Wọ́n sì tún dìde! Ó tún já lù wọ́n, wọ́n tún dìde. Omi tó ráyè kọjá láàárín wọn kò lágbára mọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó rẹ ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn, ó sì padà.

Ẹ̀rù ba àwọn ará ìlú, inú wọn dùn, wọn ò mọ èwo ni kí wọ́n ṣe. Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ Tíṣà mú níṣojú bàbá rẹ̀, kò tiẹ̀ rántí tijú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò bá bàbá rẹ̀ nílé. Etí òkun ló ti rí i. Bàbá ti ká ṣòkòtò sókè, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ apá, ó ń gbin òmíràn síbi tí ìjì ti hú díẹ̀. Igi tó ti gbẹ nìkan ni káfíńtà mọ̀, ẹ ò rí nǹkan!

Omijé ń bọ́ lójú ọmọ náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, orí rẹ̀ lẹ rì mọ́lẹ̀ yẹn."

Bàbá rẹ̀ ò wẹ̀yìn.

"Ta ló bi ọ́ léèrè? Lọ pe ọkọ rẹ, kó wá kọ́ mi."