Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Ọkọ̀ Bàbá

"Wọ́n ní ó ní òun máa gé e o..."

"Gé kí ni?"

"Ọkọ̀ Bàbá Tíṣà ni. Àyà ọkọ̀ gan-an, ibi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó sí. Wọ́n tún ní ó ní kí Bàbá má fún òun..."

"Kó má fún un ní kí ni?"

"Lọ́mọ! Ó ní kí Bàbá má fún òun lọ́mọ. Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ẹni tó lọ fa atẹ́gùn sí táyà ló gbọ́ ọ, òun ló wá sọ fún..."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn, láti ọ̀dọ̀ alátẹ́gùn dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, láti ọ̀dọ̀ aránṣọ dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá rìn jìnnà kì í gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ délé. Nígbà tí èyí fi dé iwájú ilé Bàbá, ó ti já èyí tó wúwo jù nínú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká padà lọ gbé e.

Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Oòrùn ń yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan láti ojú ihò páànù òrùlé, ó ń tò sórí ilẹ̀ tútù bí ẹni pé ẹnì kan ń da ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn lọ́kọ̀ wíwà, ń fi okùn fa ọkọ̀ àtijọ́ kan bọ̀. Àwọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ náà dà bí ewé tí ìrì sẹ̀ sí. Iná iwájú rẹ̀ rí róbótó bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Obìnrin kan jókòó sídìí rẹ̀, ó nà ró ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì lórí sitẹ́ríìnì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó na ọwọ́ síta lójú fèrèsé kí ẹni tó bá wà lẹ́yìn lè mọ̀ pé òun fẹ́ yà. Kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ ju adìẹ kan lọ.

Mẹkáníìkì náà yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe. Ó wò ó, kò lè mójú kúrò. Ó ti rí ẹwà rí, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún adìẹ.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ó ní. "Adìẹ yẹn dúpẹ́."

Obìnrin náà gé ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mò ń kọ́ èèyàn lọ́kọ̀, mo wá ń yà láìnawọ́? Tíṣà ni wọ́n ń pè mí."

"Wọ̀n-ọ́n-wò ni wọ́n ń pe èmi."

"Mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹ máa ń wọn omi kí ẹ tó mu ún."

"Irọ́ ni. Tí mo bá mu ún tán ni mo máa ń wọ̀n ọ́n."

Ẹ̀rín tí Tíṣà ti ń pa mọ́ láti ẹnu ọ̀nà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì rò pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni àwọn ń sọ.

Ọkọ̀ bàbá Tíṣà ni. Nígbà èwe Bàbá, òun ló máa ń gbé e sáré lórí pápá eré ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú, tí ìyàwó rẹ̀ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí á máa ké kọ́nà kọ̀ọ̀kan sí i létí kó tó dé ibẹ̀. Ìyàwó náà ti lọ sọ́run. Ẹ́ńjìnnì náà sì dẹnu kọlẹ̀, kò sí irin tí wọ́n lè fi pààrọ̀ irin rẹ̀ mọ́. Ní báyìí, kùrukùru ti ń bo ojú Bàbá díẹ̀díẹ̀.

"Mo fẹ́ gbé e lọ sórí pápá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "kí ojú Bàbá tó pa dé pátápátá. Ẹ́ńjìnnì tuntun ni mo fẹ́, èyí tó lágbára. Bàbá ti gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e. Ọ̀rẹ́ wọn kan jẹ́ kí wọ́n gé tiẹ̀ nítorí ẹ́ńjìnnì ńlá. Wọ́n ní ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n gé ètè rẹ̀ kí fèrè lè wọ ẹnu rẹ̀."

Wọ̀n-ọ́n-wò fi àtẹ́lẹwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà, bí èèyàn ṣe ń kan iwájú orí ọmọ tó ń gbóná. "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò," ó ní.

Ó fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jáde, ó nù ún, ó kùn ún lọ́ìlì, ó sì gbé e sórí tábìlì onígi lábẹ́ aṣọ mímọ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun wá láti inú ọkọ̀ ìgbàlódé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún nínú ìjàǹbá. Ó kéré, ó fúyẹ́, wáyà rẹ̀ sì pọ̀ bí irun tí ẹnikẹ́ni kò tíì dì. Ó ní àpótí pẹlẹbẹ kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọpọlọ, òun ló ń sọ fún un ìgbà tí yóò mu epo àti ìwọ̀n tí yóò mu.

Wọ̀n-ọ́n-wò kì í fọwọ́ kan irin kó tó fi páálí ṣe é. Gbogbo ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì tuntun máa fi dúró, páálí ni ó kọ́kọ́ gé e, yóò tì í bọ inú ọkọ̀, yóò fà á yọ, yóò tún un gé. Nígbà tí Tíṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí bàtà wá fún un ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ti lọ.

"Páálí bàtà lẹ kó wá báyìí. Bàtà ńkọ́?"

"Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹsẹ̀ yín ná."

Nígbà míì kò sí páálí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá, yóò ṣáà wá. Yóò jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, yóò máa sọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń dijú bó bá fẹ́ tẹ búréèkì. Wọ̀n-ọ́n-wò yóò máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀, bàtà rẹ̀ nìkan ni Tíṣà yóò máa rí, tó ń mì. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó ní kí Tíṣà bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú. Ìmọ́lẹ̀ náà kò yẹ̀. Ó wo òkè, ó rí ojú rẹ̀ láàárín àwọn wáyà, bí òṣùpá tó há sáàárín ẹ̀ka igi.

"Ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n," ó ní.

"Ìwọ náà, ọwọ́ rẹ ò yára," Tíṣà dáhùn.

Kò sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀ pé òun gbàgbé láti sọ "ẹ". Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìwọ.

Ìgbà tó wá kù díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì jókòó ni wàhálà dé. Ikùn rẹ̀, níbi tí ọ́ìlì ń gbé, kò jẹ́ kó wọlẹ̀. Irin kan tó dábùú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń tì í padà. Wẹ́dà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tó ti pẹ́ tó ń wo Tíṣà bí ológbò ṣe ń wo ẹja orí àwo, na ọrùn wọlé.

"Gé irin yẹn kúrò, kí ọ̀rọ̀ tán! Èmi á bá ọ gé e kí o tó ṣẹ́jú. Abẹ́ ọkọ̀ ni, ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wò ó?"

Ó ṣe kòńgẹ́ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà, yà síbẹ̀ láti wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ó jókòó sórí táyà, ó sì bi Wọ̀n-ọ́n-wò tààrà pé ṣé á gé e. Wọ̀n-ọ́n-wò dá a lóhùn, gbólóhùn kan péré. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn láti bá ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gbé ọmọ tuntun. Àmọ́ ọkùnrin kan tó ń dúró de táyà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti gbé ìdajì ọ̀rọ̀ lọ.

Bàbá gbọ́. Kò pariwo. Ó kàn fi ife tíì sílẹ̀, kò sì gbé e mọ́.

"Lọ gbé ọkọ̀ mi wálé," ó ní. "Kó kú lápapọ̀ sàn fún mi ju kó yè lábọ̀. Ọkùnrin tó sì ní kí n má fún òun lọ́mọ, ṣé mo ti kiri ọmọ fún un ni?"

Gbólóhùn kejì yìí ni ó gún Tíṣà lọ́kàn. Ó dé ṣọ́ọ̀bù láìmú páálí kankan dání.

"Ṣé o sọ pé kí Bàbá má fún ọ lọ́mọ?"

Wọ̀n-ọ́n-wò kì í parọ́, kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Mo sọ ọ́."

Ojú Tíṣà ṣú.

"Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní iwájú," ó yára fi kún un. "Bí mo bá sọ iwájú rẹ̀ fún ọ lónìí, ẹnu lásán ni. Jẹ́ kí iṣẹ́ yìí parí, òun ni yóò jẹ́rìí mi. Jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi."

Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí. Òjò tó ṣẹ́kù lórí páànù ń kán tó, tó, tó.

"Irin yẹn ńkọ́?" Tíṣà bi í, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

Wọ̀n-ọ́n-wò fa páálí kan yọ lábẹ́ tábìlì. Kì í ṣe irin ọkọ̀ ló yà sórí rẹ̀. Ikùn ẹ́ńjìnnì tuntun ni, tí wọ́n pa ìrísí rẹ̀ dà kó lè fẹjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì kúrú nísàlẹ̀. "Àlejò ló ń tẹrí ba wọlé," ó ní. "A kì í gé àtẹ́rígbà nítorí àlejò."

Tíṣà padà sílé, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó ní àlejò ló ń tẹrí ba wọlé, a kì í gé àtẹ́rígbà nítorí rẹ̀. Ẹ ò ní nílò ojú, ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Bí ọwọ́ yín bá kan ibì kan tí wọ́n gé, mi ò ní débi pápá láéláé, mi ò sì ní dárúkọ ọkùnrin yẹn nílé yìí mọ́."

Bàbá yíjú síbi ohùn rẹ̀. "O fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Mo gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbọ́, sà."

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn," ni Bàbá wí, ẹ̀rín díẹ̀ sì sá gba ètè rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí pápá tààrà. Ibẹ̀ ni Bàbá ti ká apá aṣọ sókè, tó ní kí wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń wá ojú ọgbẹ́ bí ìyá ṣe ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó kan ẹsẹ̀ irin tuntun, ó sì rí i pé inú ihò bọ́ọ̀tì àtijọ́ ni gbogbo wọn wọ̀. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí dé irin tó dábùú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Wọ̀n-ọ́n-wò sún mọ́ ọn.

"Ibí ni sípánà já bọ́ sí mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà kan," ni Bàbá sọ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. "Ìyàwó mi ló pa mí lẹ́rìn-ín. Irin náà tẹ̀ díẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀." Ó fi ìka yí ojú ibẹ̀ po, ó tún yí i po. "Ó ṣì wà níbẹ̀."

Ó nu ọwọ́, ó lọ jókòó sórí àga tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí. "Tíṣà, jẹ́ ká lọ."

Ẹ́ńjìnnì tuntun náà kọrin kan tó ga tó sì tínrín, ọkọ̀ àtijọ́ náà sì fò bí àlá tí ẹni tó ń lá a kò fẹ́ jí. Ojú Bàbá kò rí ju ewéko àti ìmọ́lẹ̀ lọ, wọ́n ń ṣàn kọjá bí odò. Síbẹ̀ ara rẹ̀ mọ gbogbo kọ́nà. "Ọ̀tún ló ń bọ̀... rọra... ó tó, fẹsẹ̀ sí i!" Ohùn ìyá rẹ̀ ni Tíṣà ń gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ kúrò lórí pápá, Tíṣà na ọwọ́ síta lójú fèrèsé pé òun fẹ́ yà. Níbi tí Wọ̀n-ọ́n-wò dúró sí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ohùn tí mo mọ̀ kọ́," ni Bàbá wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi ni." Ó yíjú síbi tó ti gbọ́ ẹ̀rín náà. "Àlejò tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba, súnmọ́ mi. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n gbé wá bá mi nípa rẹ. Ọwọ́ mi ti dá èkíní lóhùn. Èkejì ńkọ́?"

Wọ̀n-ọ́n-wò nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó wo Tíṣà, Tíṣà sì wo ilẹ̀.

"Méjì kẹ̀?" Màmá Àgbà ló ń bọ̀ yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e padà láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, wàrà ọmọ tuntun ṣì gbẹ mọ́ ọn léjìká. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, àbúrò mi. Èmi ló sọ ọ́ fún. Wọ́n ti fi ẹnu ya á sí méjì, wọ́n sì ta ìdí rẹ̀ fún ọ ṣáájú orí."

"Kí ló wá sọ gan-an?"

Màmá Àgbà gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọkùnrin náà, ó sì rọra sọ ọ́, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀:

"Ó ní, 'Màmá, bí mo bá gé ara ọkọ̀ yìí ní ìwọ̀n èékánná, kí Bàbá má fún mi lọ́mọ wọn.'"