Ẹkún Tí Ayàwòrán Ń Wá

Ayàwòrán kan wà tí ẹkún ẹlòmíràn ń bọ́. Bí aláìsàn kò bá rówó ìtọ́jú san, òun ni ẹbí ń ránṣẹ́ pè kí ó ya fídíò rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára, kí àwọn aláàánú lè dáwó, kí òun náà sì mú ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Òfin kan ló ní: aláìsàn kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ tó ń dín ìrora kù kí kámẹ́rà òun tó dé. A máa wí pé, "Ara tó bá ti tù kì í mú omi jáde lójú olówó."

Wọ́n pè é sọ́dọ̀ bíríkìlà kan tó já bọ́ láti orí ilé. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ná."

"Ìyàwó wa, ṣé fọ́tò ìgbéyàwó lẹ pè mí sí ni? Ẹ jẹ́ kó ké dáadáa."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ya ìrora náà, nítorí iná wọ́ọ̀dù kò mọ́lẹ̀ tó. Bíríkìlà kú ní ọjọ́ kẹrin. Ayàwòrán kò yọ fídíò náà kúrò. Òkú ń tọrọ, alààyè ń jẹ.

Àìsàn kì í béèrè iṣẹ́ bàbá ọmọ. Ìfun ọmọbìnrin ayàwòrán fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ́ pọ̀; àfi iṣẹ́ abẹ kíákíá, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó o. Ó gbé kámẹ́rà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

"Má rẹ́rìn-ín!"

"Bàbá mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá ti gbé e."

Nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́ dé. Bàbá ní, "Ẹ dúró ná." Ọmọ ké. Ó yà á.

Ẹnikẹ́ni kò dáwó. Opó bíríkìlà ti kọ ọ́ sábẹ́ fídíò ọmọ náà pé: "Ó pé oṣù mẹ́jọ tí ọkọ mi ti kú. Ọkùnrin yìí ṣì ń fi ẹkún rẹ̀ tọrọ." Ẹlòmíràn béèrè pé: "Ọmọ ta ló tún yá?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, opó náà wọ wọ́ọ̀dù.

Ó ní, "Ọmọ ni mo wá wò, n kò wá wò ọ́. Nígbà tí Jésù ń jẹ̀rora lórí igi, àwọn kan fi í ṣe ìran wò. Ó tọrọ ìdáríjì fún wọn. Èmi kò tíì lè tọrọ fún ọ. Òun ni kí o lọ bá."

Ayàwòrán kúnlẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, ó ké bí bíríkìlà ti ké, kò sì sí kámẹ́rà. Ó jẹ́wọ́ fún Olúwa, ó sì jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé lórí ẹ̀rọ kan náà. Opó bá a bẹ àwọn ènìyàn. Owó pé ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ti kú ní ọ̀sán.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, má ṣe wí pé, "Èmi kì í ṣe ayàwòrán." Ta ni o rí nínú ìrora tí o ní kí ó dúró ná? Ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ ọkùnrin náà mọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè padà lọ gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́. Wá sọ́dọ̀ Olúwa lónìí, nígbà tí ẹni tí o ṣẹ̀ ṣì wà láàyè láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ.