Irun Òkè Ojú Ìyá

Ọjọ́ tí wẹ́dà, ọkùnrin tó ń jó irin, kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù onítátù tó ń fín ara, àpá iná tó wà lápá rẹ̀ ló ní kí onítátù bá òun fi àwòrán òdòdó bò. Onítátù, tí òdòdó fínfín kún ara tirẹ̀ láti ọwọ́ dé ọrùn, di apá náà mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun ò ní fín in.

"Kí ló dé?"

"Àpá yìí bá yín mu. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wẹ́dà padà wá, ó ní ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà ń han. Ó tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, ilẹ̀kùn tí kò han mọ́ náà ló tún wá tún ṣe. Ta ni ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn kọ́ ló ń wá?

Bí iṣẹ́ bá ti tán, onítátù á ṣí ìwé àwòrán fún un: àwọn tó ń fi ìlà ara ṣọ̀fọ̀, àwọn tó ń lu ètè, àwọn tó ń rẹ́ eyín kó lè ṣóńṣó. Ó ní àwọn kan ń wá ẹwà, àwọn kan ń fẹ́ kí ẹnì kan ṣáà dá àwọn mọ̀. Wẹ́dà ní òun ti dá a mọ̀ ní tòun.

Àmọ́ ìyá wẹ́dà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ní ara èèyàn kì í ṣe ògiri tí à ń kùn lọ́dà. Wẹ́dà ò sì lè fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ ò súre fún. Ó bẹ̀bẹ̀ títí ìyá fi ní kó mú onítátù wá kí òun rí i lẹ́ẹ̀kan.

Onítátù wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn, ó kúnlẹ̀, ó gbójú sókè. Àìsàn kan ti kó irun òkè ojú ìyá lọ, tìróò ló fi ń yà á láràárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Tòsì ga, tọ̀tún wálẹ̀. Kí onítátù tó ronú, iṣẹ́ ti gbé e: ó ti tọ́ àtàǹpàkò lá, ó ti fi nu tìróò òkè ojú òsì ìyá.

"Ó ga jù, mà."

Ìyá dìde, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Onítátù sunkún délé. Ó ní òun ti fọwọ́ ara òun lé ọkọ lọ. Wẹ́dà dì í lọ́wọ́ mú.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá dá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò kun tìróò rárá, díẹ̀ ló kù kí onítátù má dá a mọ̀.

"Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé ojú yẹn jáde," ni ìyá wí. "Gbogbo èèyàn ń wò mí níran, títí kan ọmọ tí mo bí. Ìwọ nìkan lo sọ fún mi."

Ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó dùbúlẹ̀. Onítátù ní yóò dùn wọ́n díẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ó ti yí kàn mí. Ó yá, ìyàwó mi, gún irun òkè ojú yìí fún mi kó dọ́gba."

Onítátù gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná. Omi ojú ò jẹ́ kó ríran.